Àmì Kan Lára Ẹ̀dọ̀ Gìrìpá

Gìrìpá alápatà fi àáké gé ọwọ́ ọ̀tún àbúrò rẹ̀ já ní àárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó lọ ya àwòrán ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn kan ní iṣẹ́ èṣù ni. Àwọn kan ní ọtí ni. Kò fi ẹnu kan ọtí láàárọ̀ ọjọ́ náà, èṣù náà sì níṣẹ́ tirẹ̀ tó ń ṣe. Màlúù kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, gbólóhùn kan tí ìyàwó Gìrìpá gbé mì ló sì parí rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni. Wọ́n ti de akọ màlúù dúdú kan mọ́lẹ̀, Gìrìpá ti fi orúnkún tẹ ọrùn rẹ̀, ó ti gbé ọ̀bẹ sókè, ni okùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá já. Ẹran náà ta á nípàá ẹ̀ẹ̀kan péré. Pátákò bá a ní ìhà ọ̀tún, ó dún bí àpò sìmẹ́ǹtì tó já láti orí ọkọ̀. Gìrìpá fẹ̀yìn gbá ògiri. Ó dìde, ó tutọ́, ó padà wá, ó sì fi ìbínú dú ẹran náà débi pé díẹ̀ ló kù kí orí kúrò lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ ta dé òrùlé. Ìgbà yẹn ló tó jókòó sínú ẹ̀jẹ̀, tó ń wá èémí kiri.

"Gìrìpá, ẹran ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ!" Alápatà kan ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti tábìlì kejì.

"Wá kí n fi ẹ́ ṣe ìkejì ẹ̀," Gìrìpá dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò já gaara.

Ẹ̀sọ̀ ló gbé e dìde. Ẹ̀sọ̀ ni àbúrò rẹ̀, ìyá kan, bàbá kan. Gìrìpá ń dú ẹran, Ẹ̀sọ̀ ń bó awọ, orí tábìlì kan náà ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ara iṣẹ́ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Bí Ẹ̀sọ̀ bá bó awọ màlúù kan tán, gbé awọ náà sókè kọjú sí oòrùn, o ò ní rí ihò tí abẹ́rẹ́ lè gbà. Àwọn tó ń ra awọ a máa fi tàwọn yòókù sílẹ̀, wọ́n á dúró dè é. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, wọ́n á ní. Gìrìpá a máa rẹ́rìn-ín: "Ohun tí a bá fagbára mú ńkọ́? Èmi ni mo pa á kó tó rí nǹkan bó."

Ìyàwó Gìrìpá wà ní iwájú ilé ìpẹran níbẹ̀, níbi tó ti ń ta ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tó rí i pé ọkọ òun kò lè bẹ̀rẹ̀ bọ́ bàtà, ó gbé ìborí rẹ̀ wé.

"Ẹ dìde, ó di ilé ìwòsàn."

"Egungun ìhà lásán ni."

"Ṣé màlúù ni ẹ fẹ́ kó sọ mí di opó? Tí wọ́n bá bi mí pé kí ló pa ọkọ mi, kí n ní ẹran ọbẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dùn ún ní ìhà, ó sì tẹ̀ lé e.

Yàrá tí wọ́n ti ń ya sikáànì kéré, ó sì tutù. Ibùsùn kan, ẹ̀rọ kan tó ní ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n, aṣọ kan tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà. Dókítà tó wà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó fi òwú so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó da òróró tútù sí ikùn Gìrìpá, ó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé e, ó ń tẹ̀ ẹ́ kiri. Ìyàwó Gìrìpá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo ojú ẹ̀rọ. Òun tó ń ta ẹ̀dọ̀ láti ọjọ́ tó ti délé ọkọ, kò dá ẹ̀dọ̀ kankan mọ̀ níbẹ̀. Dúdú àti eérú ló rí, bí ẹni ń wo òjò láti inú fèrèsé tó dọ̀tí.

"Ẹ mí sínú. Ẹ mú un dání. Ẹ mí síta." Dókítà sọ ọ́ títí. Nígbà tó yá, ó dúró sójú kan, ó tẹ ibẹ̀, ó tún un tẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ kò dà sí yín nínú," ó ní. "Egungun ìhà kan sán, á jinná fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan mìíràn. Àmì kan wà lára ẹ̀dọ̀ yín, kò ju èkùrọ́ lọ. Kì í ṣe màlúù ló fi síbẹ̀."

"Kí ni ọ̀hún?" Gìrìpá bi í.

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀ kẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo inú èèyàn?"

"Ẹ̀rọ yìí lè sọ pé nǹkan wà níbẹ̀. Kò lè sọ irú ohun tó jẹ́. Ó lè jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dì pọ̀ lásán. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní irú ẹ̀, tí wọ́n gbó, tí wọ́n kú sójú oorun, tí wọn ò mọ̀. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Tí mo bá mú ọ̀kan fún yín lónìí, irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rọ ńlá wà ní ilé kejì. A máa fa omi oògùn kan sí yín níṣan, omi yẹn máa ń tàn nínú àwòrán. A ó ya á bó ṣe ń wọlé, a ó ya á nígbà tó bá kún, a ó tún ya á bó ṣe ń lọ. Bí àmì yẹn bá ṣe gba omi náà, àti bó bá ṣe tú u sílẹ̀, la ó fi mọ̀ ọ́n. Ọjọ́bọ̀ ló kàn tí àyè wà. Ẹ má jẹun láàárọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò le, kò sì lọ́ra. Ìyàwó Gìrìpá gbọ́ ọ yé. Ẹni tó sọ pé òun kò mọ̀, tó sì sọ ọjọ́ tí òun yóò mọ̀, kí lèèyàn tún ń fẹ́? Ṣùgbọ́n Gìrìpá kì í ṣe ènìyàn lásán nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀. Alápatà ni.

Ní ilé ìpẹran, òfin kan wà tí ọmọdé ibẹ̀ mọ̀. Tí wọ́n bá ti la màlúù, wòléwòlé yóò wá, yóò fi ọ̀bẹ tirẹ̀ sín ẹ̀dọ̀ náà káàkiri. Bó bá rí àmì, funfun ni o, dúdú ni o, kò ní béèrè pé irú èwo ni. Yóò fi ọ̀bẹ gún un, yóò jù ú sínú kòtò ẹ̀yìnkùlé, wọn yóò sì da kẹ́míkà lé e kí ajá má baà jẹ ẹ́. Ẹ̀dọ̀ tó bá ti ní àmì, kòtò ni. Kò sí Ọjọ́bọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ojú tí Gìrìpá fi ń wo ẹ̀dọ̀ láti kékeré nìyẹn, ojú yẹn náà ló gbé bá ara rẹ̀ lórí ibùsùn yẹn.

Ó dìde jókòó, òróró ń ṣàn lára rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó di dókítà mú ní ọrùn aṣọ, ó fà á sún mọ́ ojú ara rẹ̀.

"Ẹ̀dọ̀ tí mo ti là ju irun orí yín lọ. Ẹ sọ fún mi pé mo ń kú lọ. Ẹ sọ ọ́ jáde!"

"Ẹ̀dọ̀ màlúù lẹ̀ ń là," dókítà sọ, ohùn rẹ̀ há, ṣùgbọ́n kò wò sílẹ̀. "Màlúù náà á sì ti kú kẹ́ ẹ tó là á. Ẹ̀yin ṣì ń mí. Ẹ fi aṣọ mi sílẹ̀."

Ó fi í sílẹ̀. Ó ta àpótí ìjókòó kan nípàá, ó gba inú aṣọ ẹnu ọ̀nà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn aláìsàn sì sá. Ìyàwó rẹ̀ ń bẹ dókítà, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń fi etí aṣọ ara rẹ̀ nu òróró kúrò lọ́rùn obìnrin náà.

"Ẹ ṣáà mú un wá lọ́jọ́bọ̀," ni dókítà ní.

Nígbà tí wọ́n délé, Gìrìpá ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá àwọn ọmọ, gbọ́ o. Ẹ̀sọ̀ ò gbọdọ̀ gbọ́."

"Àbúrò yín ni."

"Ìdí nìyẹn. Bó bá gbọ́ lónìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọn tábìlì mi lọ́la. Ṣé o rò pé kò tíì sú u láti máa bó ohun tí ẹlòmíràn pa? Ọkọ rẹ kékeré yẹn, ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ jù."

"Ọkọ mi kékeré" ni obìnrin náà ń pe Ẹ̀sọ̀, bí gbogbo ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ. Ọjọ́ yẹn ni Gìrìpá kọ́kọ́ pè é bí ẹni tó jẹ nǹkan kíkorò.

Láti ọjọ́ náà, kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ó jókòó sí yàrá, ó ń fi ìka tẹ abẹ́ ìhà ara rẹ̀, ó ń wá èkùrọ́ náà. Lọ́jọ́ Àìkú, ó fi ìkúùkù fọ́ dígí ara ògiri nítorí pé ó ní ojú òun ti pọ́n bí ti ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní kì í ṣe ẹ̀dọ̀, ó ní àìsùn ni. Gìrìpá gbá a létí. Kò gbá a rí látọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Ìgbátí náà gbé obìnrin náà lọ sára kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó fi èkùrọ́ sẹ́nu. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Gìrìpá kò bẹ̀ ẹ́, obìnrin náà kò sì sunkún. Ó gbálẹ̀, ó kó àfọ́kù dígí dànù.

Ohun tó ń ba obìnrin náà lẹ́rù ju etí tó ń ro ó lọ ni tábìlì. Òfin mìíràn wà ní ilé ìpẹran: tábìlì kò gbọdọ̀ gbẹ. Àwọn tó ń dúró de tábìlì pọ̀, ara wọn kò sì balẹ̀. Bí ọ̀bẹ onítábìlì kò bá kan ẹran lójoojúmọ́ láti Ajé títí di Ọjọ́bọ̀, alága àwọn alápatà yóò gbé tábìlì náà fún ẹni tó kàn, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ọ̀bẹ ni alága ń wò, nítorí pé kálukú ló gbẹ́ àmì sí èèkù tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń sọ pé òun ń kú lọ. Bí kò bá kú ńkọ́? Kí ni yóò máa jẹ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, láìsí tábìlì?

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, ó jí jáde, ó gbé ọ̀bẹ Gìrìpá láti inú àpótí abẹ́ ibùsùn, ó fi aṣọ wé e, ó sì lọ bá Ẹ̀sọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti ẹ̀dọ̀, àti àmì, àti Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀sọ̀ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò bi í ní nǹkan kan. Nígbà tó rí ohun tó wà nínú aṣọ, ó fà sẹ́yìn.

"Ìyàwó wa, ọ̀bẹ ẹ̀gbọ́n mi lẹ gbé fún mi yìí o. Kì í ṣe ṣíbí."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Láàárín àwọn alápatà, ẹnì kan kì í fọwọ́ kan ọ̀bẹ ẹlòmíràn tó bá ṣì wà láàyè. Òkú ni wọ́n ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti bá alága sọ ọ́," obìnrin náà ní. "Ó ní tí ọ̀bẹ yìí bá ṣáà ti kan ẹran, òun ò rí ọwọ́ tó mú un. Ọkọ mi kékeré, ẹ gbà mí. Ẹ dì í mú fún un di Ọjọ́bọ̀."

"Ṣé ó mọ̀?"

"Màá sọ fún un."

"Ẹ sọ fún un lónìí."

"Tí wọ́n bá ya àwòrán kejì tán. Tí ọkàn ẹ̀ bá balẹ̀."

Ẹ̀sọ̀ mi orí. Ó gba ọ̀bẹ náà bí ẹni ń gba ọmọ ọlọ́mọ. Láràárọ̀, ó ń wá gbà á lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Lọ́sàn-án, obìnrin náà ń fọ̀ ọ́, ó ń dá a padà sínú àpótí. Gìrìpá kò ṣí àpótí náà. Bó ṣe rí nìyẹn di Ọjọ́bọ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, obìnrin náà ti wẹ̀, ó ń wé ìborí tó máa wé lọ sí ilé ìwòsàn, nígbà tó gbọ́ tí wọ́n fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn.

"Ẹ ò gbọdọ̀ jẹun o," ó sọ láti ibi tó dúró sí, bí ẹni pé kò gbọ́.

"Mi ò fẹ́ jẹun. Màá kọ́kọ́ yà dú ẹran kan. Kí n dú ọ̀kan kí wọ́n tó sọ ọjọ́ tí wọ́n máa dú èmi náà." Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohùn àwàdà. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Ó tú àpótí náà dé ìsàlẹ̀. "Níbo ni ọ̀bẹ mi wà?"

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ kò gùn. Èmi ni mo gbé e fún Ẹ̀sọ̀ kí tábìlì yín má baà bọ́. Ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wú, Gìrìpá sì ti dìde sókè, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo, wọ́n ń ṣí, wọ́n ń pa dé.

"Bóyá... bóyá ẹ fi sílẹ̀ síbi iṣẹ́."

Gìrìpá wò ó. Ó wo ìborí tó wé dé ìdajì. Ó jáde láìwọ bàtà.

Obìnrin náà sá tẹ̀ lé e, ìborí lọ́wọ́. Ó ń pè é lójú títì, "Bàbá wọn! Bàbá wọn, ẹ dúró, ẹ gbọ́!" Ìgbà tó tó rí ọ̀rọ̀ náà sọ nìyí, ọkọ rẹ̀ kò sì sí nítòsí ẹnu rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ yà fún un. Ọkùnrin tí egungun ìhà rẹ̀ sán ń sá bí ẹni ogún ọdún.

Nígbà tí obìnrin náà wọ ilé ìpẹran, ó rí ọkọ rẹ̀ látẹ̀yìn. Ó rí Ẹ̀sọ̀ náà ní iwájú rẹ̀, tó tẹ̀ba sórí màlúù kan, tó ti bó awọ dé ìbàdí, ọ̀bẹ Gìrìpá lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ̀sọ̀ gbójú sókè. Inú rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ tàn, ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ wò ó, tábìlì yín ò gb—"

Àáké tí wọ́n fi ń fọ́ egungun wà ní etí tábìlì. Gìrìpá ti gbé e, ó ti sọ ọ́ kalẹ̀. Ó bá a ní ọrùn ọwọ́, lórí pákó. Ìró kan náà tí egungun màlúù ń dún ló dún. Ọwọ́ náà ṣubú sínú awọ, ọ̀bẹ ṣì wà nínú rẹ̀, àwọn ìka ṣì dì í mú.

Ẹ̀sọ̀ kò ké. Ó ń wo ibi tí ọwọ́ òun wà tẹ́lẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀.

"Mo ti kú ni?" Gìrìpá ń bú. "Olè! Mo ti kú ni? O ò lè dúró kí wọ́n sin mí?" Ó tún gbé àáké sókè. Ìyàwó rẹ̀ fò mọ́ ọn ní ìbàdí, ó sì gbá a dànù bí ọmọ ajá, ṣùgbọ́n àáké ti yẹ̀. Ó wọ inú pákó tábìlì, kò sì ṣeé fà yọ mọ́. Ohun tó gba Ẹ̀sọ̀ lọ́wọ́ ikú nìyẹn.

Àwọn alápatà yòókù dé. Wọn kò bẹ̀ ẹ́. Irin tí wọ́n fi ń so ẹran kọ́ ni wọ́n fi lù ú, wọ́n fi èèkù àáké lù ú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù àti ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ títí àwọn ọlọ́pàá fi dé. Ẹni tó fi í ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ló lù ú jù. Ó ń lù ú, ó ń sunkún.

Obìnrin náà kò wò wọ́n. Ó ti fi ìborí rẹ̀ di apá Ẹ̀sọ̀, ó ń fi eyín fa kókó rẹ̀ kó le.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá kan náà ló gbé gbogbo wọn lọ, Ẹ̀sọ̀ níwájú, Gìrìpá lẹ́yìn pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ jáde sí obìnrin náà.

"Ọwọ́ rẹ̀ dà? Ẹ lọ gbé e wá kíákíá. Ẹ fi nǹkan tútù yí i ká. Bó bá tètè dé, a lè gbìyànjú láti rán an padà."

Kò sẹ́ni tó rántí ọwọ́ náà. Ó sá padà. Nígbà tó dé ilé ìpẹran, tábìlì ti mọ́ tónítóní, ó ń kán omi. Wòléwòlé ti dé, ó sì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀: ẹran tí ẹ̀jẹ̀ èèyàn bá kàn kò ṣeé jẹ, àti awọ, àti inú, àti gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì. Wọ́n ti wé gbogbo rẹ̀ sínú awọ náà, wọ́n ti wọ́ ọ dànù sínú kòtò.

Ó bọ́ sínú kòtò. Àwọn tó ń gbálẹ̀ ń pariwo pé kẹ́míkà wà níbẹ̀, pé yóò jó o. Ó wọ̀ ọ́ dé orúnkún, ó ń fi ọwọ́ wá a láàárín ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ti gún, èyí tó ní àmì funfun, èyí tó ní kókó, ó ń gbé wọn sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rí awọ náà, ó tú u. Ọwọ́ Ẹ̀sọ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ti funfun bí ohun tí wọ́n sè, awọ ìka rẹ̀ ti ń bó kúrò fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ kó tó gbé e pé kò ní ṣeé rán mọ́. Ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀ náà. Dókítà wò ó, ó mi orí, ó sì mú un lọ sí yàrá inú.

Ibi tó jókòó sí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó o, ni dókítà obìnrin tó fi òwú so awò ojú mọ́ ọrùn ti wá pè é.

"Ìyá, ẹ wá. Mo ti ya àwòrán ọkọ yín."

Lílù tí wọ́n lu Gìrìpá ló jẹ́ kí wọ́n gbé e wọ ẹ̀rọ ńlá náà, láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú rẹ̀. Dókítà ní nígbà tí òun ti máa fa omi oògùn sí i níṣan ṣáá, kí òun kúkú ya gbogbo rẹ̀. Ọlọ́pàá kan dúró lẹ́yìn gíláàsì. Wọ́n sọ fún Gìrìpá pé ara rẹ̀ yóò gbóná, yóò rò pé òun tọ̀ sára. Wọ́n tì í wọ inú ihò roboto náà, ó sì mí sínú nígbà tí ẹ̀rọ ní kó mí, ó mú un dání.

Dókítà nàka sí ojú ẹ̀rọ. "Ẹ wo ibí yìí. Nígbà tí omi kọ́kọ́ dé, etí rẹ̀ nìkan ló gbà á, kékeré kékeré, ó tò yí i ká. Ẹ wo èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ń wọ àárín lọ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn rèé, ó ti kún, kò sì tú u sílẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kì í sábà ṣe báyìí. Tiẹ̀ a máa yára gbà á, a sì máa yára tú u dànù. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dì pọ̀ ni èyí. Kò nílò oògùn."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Lọ́jọ́ Ẹtì, kò dá mi lójú, mo sì sọ fún yín. Lónìí, ó dá mi lójú."

Ó lọ sọ fún Gìrìpá lójú ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ti so ọwọ́ rẹ̀ kan mọ́ irin ibùsùn. Ojú rẹ̀ kan ti di.

"Ṣé mi ò ní kú?"

"Èyí kò ní pa yín."

"Ọ̀bẹ mi wà lọ́wọ́ ẹ̀," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, bí ẹni ń rojọ́.

"Èmi ni mo gbé e fún un. Kí tábìlì yín má baà gbẹ. Ó ní kí n sọ fún yín. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń sọ pé kí n sọ fún yín."

Gìrìpá dìde sí i. Ó fi gbogbo ara dìde, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ fà á padà, irin ibùsùn dún, awọ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ya, ó tún dìde. Ọlọ́pàá fi ọ̀pá gbá a láyà, ó ṣubú sẹ́yìn. Obìnrin náà kò yẹra.

"O jẹ́ kí n jáde," Gìrìpá ní.

"Mo jẹ́ kí ẹ jáde."

Obìnrin náà lọ sí wọ́ọ̀dù kejì. Ẹ̀sọ̀ ti jí, wọ́n ti fi báńdéèjì funfun wé apá rẹ̀ bí ọmọ tuntun.

"Ìyàwó wa, Ọjọ́bọ̀ mà nìyí. Kí ni àwòrán wí?"

"Iṣan ẹ̀jẹ̀ lásán ni. Kò ní kú."

"Ọpẹ́ o," Ẹ̀sọ̀ ní. Ó fẹ́ pa ọwọ́ pọ̀, bí èèyàn ṣe ń ṣe tó bá ń dúpẹ́. Ọ̀kan gòkè wá, ó dúró lófuurufú. Ìgbà yẹn ló tó ké.

Alága gbé tábìlì náà fún ẹlòmíràn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Gìrìpá ṣe ẹ̀wọ̀n, ó jáde, ara rẹ̀ le bí irin, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì fi ọjọ́ kan dùn ún. Ìyá tó bí òun àti Ẹ̀sọ̀ kì í dá a lóhùn bó bá kí i. Ẹ̀sọ̀ wà lẹ́bàá ìsọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú ilé ìpẹran láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà ló ń gé ẹran inú oúnjẹ rẹ̀ fún un. Àwọn tó ń ra awọ ń kọjá, wọ́n ń kí i, wọn kì í dúró. Ọwọ́ tó ń bó awọ láìlu ihò ti lọ. Èyí tó kù, òun ló fi ń lé eṣinṣin kúrò lórí ẹ̀dọ̀.